Wọ́n Ní Pirinsípà Kì Í Sí Níbi Iṣẹ́: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Kan ní Ẹ̀pẹ́

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní SS 3 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ti ìjọba ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́tà "h" wà nínú orúkọ rẹ̀ lórí NIN, kò sí nínú ìwé ilé-ìwé. Àsìkò ìforúkọsílẹ̀ WAEC sì ti ń lọ sópin. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, fi ìsọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, ó wá rí pirinsípà. Kò bá a. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kan náà, kò bá a. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n tún sọ fún un pé pirinsípà ti jáde, ó fi igbe ta lẹ́nu géètì: irú iṣẹ́ wo lèyí tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, tí ẹni tó ń ṣe é kì í sí níbẹ̀?

Ẹni tó bá mọ Olúwo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í sùn níbẹ̀. Láàárọ̀, "a ò rí pirinsípà" ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti di "pirinsípà kì í wá síbi iṣẹ́". Kí àwọn tó ń yan ẹja tó palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n ti ń sọ pé pirinsípà ti kó owó WAEC àwọn ọmọ jẹ. Ẹnì kan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí WhatsApp, ó ní kí gbogbo òbí jáde lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n sì jáde lóòótọ́.

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ mi wà ní SS 2 nílé-ìwé náà, mo sì ti ṣe tíṣà rí ní ilé-ìwé aládàáni. Alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, PTA tí gbogbo wa mọ̀, rí i pé bí àwọn ènìyàn bá wọ ọ́fíìsì lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yóò di ti ọlọ́pàá. Ó ní kí a yan ẹni márùn-ún tí yóò wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní: àáfà àgbà kan tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní SS 1, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin kan tó ń wa kórópe, màmá ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀, àti èmi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Pirinsípà, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò bá wa jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, gbogbo ìwé tí ilé-ìwé ń kọ ló wà nílẹ̀. Ẹ wá yẹ̀ wọ́n wò." Ó yẹ kí a kà á sí rere fún un, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. N kò dárúkọ ilé-ìwé náà, n kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ohun tí àwọn òbí sọ

Kí a tó ṣí ìwé kankan, a jẹ́ kí àwọn òbí sọ tinú wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọkàn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Tíṣà ń kọ́ ọmọ, a rí ìyẹn. Akọ̀wé ń kọ̀wé, a rí ìyẹn náà. Kí ni pirinsípà ń ṣe gan-an? Kíláàsì wo ló ń wọ̀?" Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí. Obìnrin kan gbà á lẹ́nu rẹ̀: tíṣà físíìsì ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì, pirinsípà kò sì gba ẹlòmíràn. Ilé-ìwé aládàáni tó wà ládùúgbò òun, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé kí wọ́n tó rí ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò. Bàbá kan fa rìsíìtì yọ lápò, ó ní owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ òun kékeré nìyí, ṣebí wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Àgbàlagbà kan tó kàwé ní Ẹ̀pẹ́ yìí nígbà ìjọba Jákàńdè wá ń rántí pirinsípà tiwọn. Inú ọgbà ilé-ìwé ló ń gbé. Kí aago àárọ̀ tó lù, ó ti dúró síta. "Bí o bá pẹ́, ojú rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí. Àwọn ti ìsinsìnyí, mọ́tò wọn nìkan la mọ̀."

N kò rò pé ẹnì kankan nínú wọn ń purọ́. Ohun tí kálukú fojú rí ló sọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ pirinsípà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú ẹni tó dúró lẹ́nu géètì, ohun tí kò bá sì ṣeé rí, àwa ènìyàn máa ń fi èrò tiwa dí àlàfo rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà ni mo ti ń gbọ́ ọ: wọ́n á ní ẹni tó bá ti di pirinsípà ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ti bọ́ sí ìsinmi. Àwọn tíṣà gan-an ń sọ ọ́.

Ìwé tí wọ́n fi ń jáde

Àwọn ìwé kan wà tí ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ máa kọ: ìwé ìgbaniwọlé, ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ ọmọ, ìwé tí àwọn tíṣà ń fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n bá dé, lọ́ọ̀gù búùkù tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ìwé àlejò, àti ìwé tí ẹni tó bá fẹ́ jáde nígbà iṣẹ́ ń kọ ibi tó ń lọ sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí la kọ́kọ́ ṣí. Orúkọ pirinsípà pọ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ. Màmá ẹlẹ́ja na ìka sí i, ó ní, "Ẹ ò rí i báyìí?"

Àmọ́ wọ́n kọ ibi tó lọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ìpàdé ní Fálọmọ ló pọ̀ jù. Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ Ẹkùn Ètò Ẹ̀kọ́ Kẹta ní ìpínlẹ̀ Èkó, òun pẹ̀lú Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, Ẹtí-Ọ̀sà àti Erékùṣù Èkó. Fálọmọ ní Ìkòyí ni ọ́fíìsì ẹkùn náà wà. Ẹni tó bá ti gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ mọ ohun tí mò ń wí: ọ̀nà lè dán títí o fi kọjá Ẹlẹ́kọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti dé Ṣàngótẹ̀dó, sún kẹẹrẹ-fà kẹẹrẹ Ajah ti ń dúró dè ọ́. Ìpàdé aago mẹ́wàá túmọ̀ sí pé kí pirinsípà jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá parí ní aago kan ọ̀sán, àwọn ọmọ yóò ti lọ sílé kó tó padà dé Ẹ̀pẹ́. Ìpàdé wákàtí mẹ́ta gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Pirinsípà tí ilé-ìwé rẹ̀ wà ní Ọbáléndé lè lọ síbi ìpàdé yẹn kó sì padà wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹkùn kan náà ni wọ́n wà, òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú òbí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì kì í sí nílé.

Ọkùnrin tó ń wa kórópe ló ṣàlàyé apá yìí fún àwọn yòókù ju èmi lọ. Ojoojúmọ́ ló ń rìn lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tó ka àwọn ọjọ́ náà tán, ó pa ìwé dé, ó ní, "Obìnrin yìí ń fara dà á o."

Àwọn ìjáde yòókù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí àwọn ọmọkùnrin tó bá àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn jà ní gáréèjì. Ó lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ọmọ kan tí wárápá mú níbi àpéjọ àárọ̀, ó sì dúró tì í títí ìyá rẹ̀ fi dé láti Ìtọ́ìkín. Ó tún jáde lórí ọ̀rọ̀ WAEC. Ọjọ́ kejì tí màmá ẹlẹ́ja wá tí kò bá a, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí orúkọ wọn kò bá ti NIN mu ló gbé e jáde, orúkọ ọmọ màmá sì wà lára èyí tó kọ sínú ìwé tó mú dání. A fi ìwé náà han màmá. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Kò sí ẹni tó rí èsì fún un nínú wa. Ìbéèrè yẹn ló tún gbogbo iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ṣe fún mi. Títí dìgbà yẹn, ohun tí à ń wá ni bóyá pirinsípà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣe é. Láti ìgbà náà, a tún wá ń wo ìdí tí àwọn òbí kò fi mọ̀ pé ó ń ṣe é.

Owó, àti tíṣà tó lọ

Ọ̀rọ̀ owó tó le jù lẹ́nu àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Owó náà kò gba ọwọ́ pirinsípà kọjá, kò sì sí bó ṣe lè kó o jẹ. Owó tó wà nílẹ̀ ni èyí tí àwa òbí fọwọ́ sí fúnra wa níbi ìpàdé PTA, fún kẹ́míkà tí àwọn ọmọ ń lò ní láàbù àti epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ ló wà, alága àti akápò ló ń fọwọ́ sí i. Rìsíìtì wà nínú fáìlì, iye rẹ̀ sì pé.

Rìsíìtì tí bàbá yẹn mú wá kì í tilẹ̀ ṣe ti ilé-ìwé yìí. Ní Èkó, girama kékeré àti girama àgbà ti pínyà. Kálukú ló ní pirinsípà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Apá kékeré ni rìsíìtì náà ti wá. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti ọdún 2004 sì sọ pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3, nítorí náà ìbéèrè bàbá tọ̀nà. Ẹni tó yẹ kó bi ní ọ́fíìsì ní apá kejì ọgbà náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni iye àwọn òbí tí kò mọ̀ pé pirinsípà méjì ló wà níbẹ̀. Bí ṣáláńgá apá ọ̀hún bá bàjẹ́, èyí ni wọ́n ń bú.

Ní ti tíṣà físíìsì, pirinsípà ilé-ìwé ìjọba kò lágbára láti gba tíṣà, kò sì lè lé tíṣà. TESCOM, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn olùkọ́ girama ní ìpínlẹ̀ náà, ló ń gbà wọ́n, tó sì ń gbé wọn ga. Lẹ́tà ni pirinsípà máa rí lọ́jọ́ kan pé kí tíṣà rẹ̀ lọ síbòmíràn. A rí ẹ̀dà lẹ́tà méjì tó ti kọ láti bèèrè ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó dá a lóhùn, ó bẹ tíṣà ìṣirò pé kó máa bá SS 3 ṣe físíìsì.

Ibí ni mo ti rí ohun tí mo rò pé ó ń da àwọn òbí láàmú jù. Ilé-ìwé aládàáni ti kún ìlú, ẹni tó ni í ló sì ń dúró lẹ́nu géètì. Òun ló ń gba owó, òun ló ń gba tíṣà, òun ló ń lé tíṣà, bí o bá ní ẹjọ́, òun náà lo máa rò ó fún, yóò sì parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òbí tó ti gbé ọmọ sírú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ rí ń wo pirinsípà ìjọba bí olówó ilé-ìwé. Òbí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ ń fi í wé ọ̀gá ilé-ìwé ìgbà èwe rẹ̀. Àáfà sọ fún wa pé ilé-ìwé kì í ṣe àlejò ní Ẹ̀pẹ́: ní 1898, ọdún méjì lẹ́yìn ti Èkó, ni ìjọba ìgbà náà ti dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ níhìn-ín. Ó ní nígbà èwe òun, ọ̀gá ilé-ìwé ń gbé láàárín ìlú, ó ń jókòó níbi ìkómọ, ó mọ bàbá ọmọ kó tó mọ ọmọ. Pirinsípà wa yìí, ìrìn àjò jíjìn ló ń rìn wá síbi iṣẹ́, nítorí ibi tí lẹ́tà bá gbé tíṣà sí ló ń lọ. Ó mọ àwọn ọmọ. Kò mọ wa.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọgbà

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n bá a jókòó fún ọjọ́ kan. Kí aago mẹ́jọ tó lù, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sínú ìwé tí àwọn tíṣà ń fọwọ́ sí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, abẹ́ ìlà ló máa kọ orúkọ sí. Tíṣà méjì kọ ti wọn sábẹ́ ìlà lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn sì fajú ro. Lẹ́yìn àpéjọ, ó rìn yí kíláàsì ká, kì í ṣe láti kọ́ ẹ̀kọ́, láti wo kíláàsì tí tíṣà kò sí ni. Ó bá ọ̀kan. Ó wọlé, ó bá àwọn ọmọ ka ìwé títí tíṣà wọn fi dé, ó sì jáde láìsọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ. Ọ́fíìsì ló ti bá tíṣà náà wí.

Orí tábìlì rẹ̀, ìwé ètò ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ti di òkìtì. Ó gbọ́dọ̀ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń yẹ ilé-ìwé wò láti ọ́fíìsì ìjọba dé láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí máàkì àwọn ọmọ SS 3. Máàkì yìí ni WAEC ń gbà pẹ̀lú fọ́tò, ìka ọwọ́ àti orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilé-ìwé bá ṣe kọ orúkọ ránṣẹ́ ni yóò ṣe jáde lórí sàtífíkéètì. Bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, ọmọ yóò máa ru ú kiri. Bí wọ́n bá sì rí màgòmágó nínú ìdánwò, WAEC lè fagi lé ilé-ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ibi ìdánwò.

Láàárín gbogbo èyí, ó pe ìyá ọmọbìnrin kan lórí fóònù. Ọmọ náà kò ti wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ̀ ní ẹja pọ̀, òun nílò ẹni tí yóò bá òun yan án. Pirinsípà kò pariwo. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wá lọ́jọ́ tí wọ́n máa tẹ ìka. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn fò ó." Ọmọ náà wá. Mo rí i lọ́jọ́ náà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí òbí kan tó mọ̀ pé ìpè orí fóònù kan ló mú un débẹ̀, kò sì sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó

Bí mo ṣe sọ èyí, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn òbí ló jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ wa bá ẹ̀bi lọ́dọ̀ pirinsípà, a sì sọ ọ́ fún un lójú.

Èkíní ni pé bí kò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan. VP méjì, ìyẹn àwọn igbákejì pirinsípà, ló wà nílé-ìwé náà, àwọn méjèèjì sì dáńtọ́, ṣùgbọ́n ó ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ WAEC àfi òun. Olùṣọ́ géètì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju "Wọn ò sí lórí ìjókòó" lọ. Ohun tí màmá ẹlẹ́ja wá ṣe kò gbà ju kí VP gba ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, kí ó sì fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá. Ìgbà mẹ́ta ló fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lásán.

Ó ṣàlàyé ìdí. Bí orúkọ ọmọ kan bá ṣì, òun ni kúèrì máa wá bá. Ó ti gba kúèrì rí lórí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe, láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ ló sọ ilé-ìwé di ibi tí òbí kò ti lè rí ìrànlọ́wọ́ gbà lọ́jọ́ tó bá lọ sí Fálọmọ, ọjọ́ yẹn sì pọ̀.

Owó PTA pé, ṣùgbọ́n láti sáà kìíní ni kò ti sí ẹni tó ka ìṣirò rẹ̀ fún àwọn òbí. Alága àti akápò wa pín nínú ẹ̀bi yẹn. Òbí kan tún sọ fún wa pé pirinsípà bi òun pé, "Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?" Pirinsípà ní ó ti rẹ òun lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ó ń rẹ àwọn náà." Pirinsípà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òbí náà níwájú wa.

Ohun tó ti yí padà

Orúkọ ọmọ màmá ẹlẹ́ja wọlé bó ṣe yẹ kí ìforúkọsílẹ̀ tó tì. VP ló ṣe é, pirinsípà sì fọwọ́ sí i. Pátákó kan ti wà lẹ́nu géètì báyìí tí wọ́n ń kọ ibi tí pirinsípà wà sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí òbí lè rí bí kò bá sí nílé, ọjọ́ Wẹ́sìdeè sì ni ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn òbí. Wọ́n ka ìṣirò owó níbi ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri. Màmá ẹlẹ́ja ló ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní Olúwo báyìí. Mo gbọ́ pé bí ó ṣe ń gbèjà pirinsípà ló tún ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n ti tètè fi pátákó yẹn síbẹ̀ ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà. Bíríkìlà ọjọ́sí ṣì ń bèèrè kíláàsì tí pirinsípà ń wọ̀. Mo ní kó wá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní iṣẹ́ kò jẹ́. A tún kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹkùn kí wọ́n gbé Ẹ̀pẹ́ yẹ̀ wò nínú ètò ìpàdé, bóyá díẹ̀ nínú wọn lè wáyé lórí fóònù; wọn kò tíì dá wa lóhùn.

Àgùnbánirọ̀ kan ti dé sílé-ìwé náà, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ló kà. Àáfà bá pirinsípà lọ sí Fálọmọ nígbà tó ń mú lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ lórí tíṣà físíìsì. Wọ́n jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò sì padà dé títí wọ́n fi kírun alásàrí. Orúkọ alága PTA wà lábẹ́ ti pirinsípà nínú lẹ́tà náà. Títí di àkókò tí mò ń kọ èyí, tíṣà ìṣirò ló ṣì ń bá SS 3 ṣe físíìsì.